Kókó wẹẹrẹ lára gbòǹgbò sóyà: ṣé àrùn ni, àbí bakitéríà tó ń bọ́ ọ?

Àgbẹ̀ Ṣakí

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin onímọ̀ tí ẹ ń bẹ níbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò kí n tó náwó síbi tí kò yẹ. Éékà méjì ni mo fi gbin sóyà lọ́dún yìí ní ẹ̀yìn Ṣakí, irúgbìn tí wọ́n kọ TGx sí lára àpò rẹ̀ ni mo sì lò. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ kó tó di pé a fi í sílẹ̀ kó sinmi fún ọdún mẹ́rin. Kò sí ẹni tó gbin sóyà síbẹ̀ rí. Ẹni tó ta irúgbìn fún mi fi àpò pẹlẹbẹ kan kún un, lẹ́búlẹ́bú dúdú ló wà nínú rẹ̀, ó ní kí n pò ó mọ́ irúgbìn kí n tó gbìn ín, nítorí pé bakitéríà tó ń bá sóyà wá oúnjẹ ló wà níbẹ̀.

Oko náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí. Ewé éékà kìíní dúdú minimini, ó ń dán. Ti èkejì ń pọ́n rúsúrúsú láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kò sì ga tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo hú díẹ̀ wò, mo rí kókó wẹẹrẹ lára gbòǹgbò, òmíràn tóbi tó hóró ọkà bàbà, òmíràn sì tó hóró ẹ̀wà kékeré. Ẹni tí oko wa jọ pààlà sọ pé àrùn ni, pé kí n lọ ra oògùn apakòkòrò. Ẹlòmíràn ní kí n da ajílẹ̀ yúríà sí éékà méjèèjì kí òjò tó dáwọ́ dúró. Èwo ni kí n ṣe?

Bàbá Ọgbà

Àbúrò, ẹ kú oko. Mo ti fi ogún ọdún gbin tòmátì àti ata, ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí sì jọ ohun tó run tòmátì mi níjọ́ kan. Aràn wínníwínní inú ilẹ̀ ni, kì í jẹ́ kí gbòǹgbò fa omi mọ́. Ewé á kọ́kọ́ pọ́n, igi á rọ lọ́sàn-án, á sì kú. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, n kò ní dúró títí.

Olùkọ́ Ilẹ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Àgbẹ̀ Ṣakí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra oògùn kankan, ẹ má sì tíì da yúríà. Ohun tí Bàbá Ọgbà sọ kì í ṣe irọ́, nítorí pé aràn náà wà, ó sì lè mú sóyà pàápàá. Àmọ́ kókó méjèèjì kò jọra bí ẹ bá fara balẹ̀ wò wọ́n.

Kókó tí aràn ń fà, ara gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú. Kò ṣeé yọ, àfi kí ẹ já gbòǹgbò. Kókó ti bakitéríà, ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ló lẹ̀ mọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín mọ́ okùn; bí ẹ bá fi èékánná tì í díẹ̀, á jábọ́, gbòǹgbò á sì wà bó ṣe wà. Ìyẹn ni àmì àkọ́kọ́.

Àmì kejì ṣe pàtàkì jù ú lọ. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ igi sóyà márùn-ún ní éékà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fà á tu, nítorí pé bí ẹ bá fà á, inú ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú kókó náà yóò kù sí, ẹ ó sì rò pé kò ní kókó rárá. Ẹ rọra fi omi ṣan erùpẹ̀ kúrò. Ẹ ka iye kókó tó wà níbẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n wà, bóyá lára olórí gbòǹgbò nítòsí ojú ilẹ̀ ni tàbí lára àwọn ẹ̀ka gbòǹgbò tó lọ jìnnà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi abẹ là wọ́n sí méjì, kí ẹ sì wá sọ fún wa bí inú wọn ṣe rí. Bí inú bá pọ́n, bakitéríà ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá funfun, kò tíì bẹ̀rẹ̀ tàbí kò lè ṣe é. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé tàbí tó dúdú, ó ti gbó tàbí ó ti kú.

Ìyá Oníwàrà

Mo ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé sóyà ni mo fi ń ṣe wàrà tà. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé bakitéríà ni wọ́n ń pò mọ́ irúgbìn. Ṣé kì í wọ inú hóró tí a ń jẹ?

Olùkọ́ Ilẹ̀

Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Inú kókó tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni bakitéríà yìí ń gbé, kì í gun igi lọ sínú èso, kì í sì í ṣe irú èyí tó ń fa àìsàn fún ènìyàn tàbí ẹran. Nígbà tí sóyà bá gbó, kókó náà á jẹrà, bakitéríà á padà sínú erùpẹ̀ láti dúró de sóyà ọdún tó ń bọ̀. Ohun tó ń dé inú wàrà yín ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: èròjà amára-dàgbà inú sóyà, tí gbogbo ènìyàn ń torí rẹ̀ rà á, kò lè wáyé láìsí nítírójìn, bakitéríà yìí ló sì ń bá a wá èyí tó pọ̀ jù nínú nítírójìn náà láti inú afẹ́fẹ́.

Àgbẹ̀ Ṣakí

Mo ti oko dé báyìí. Mo ṣe é gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe wí, igi márùn-ún ní éékà kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé omi lọ nínú kẹ́ẹ̀gì láti fi ṣàn wọ́n.

Ní éékà tó dára, kókó tó wà lára igi kan kò dín ní ogún, olórí gbòǹgbò ni gbogbo wọn dì mọ́ bí ìgbà tí ìjàlọ bo egungun, kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Wọ́n jábọ́ nígbà tí mo fi èékánná tì wọ́n. Nígbà tí mo la ọ̀kan, inú rẹ̀ pọ́n bí inú gúáfà tó pọ́n dáadáa, omi pupa díẹ̀ sì bá èékánná mi. Ó yà mí lẹ́nu púpọ̀, mo pe ọmọ mi wá wò ó.

Ní éékà kejì, igi kan ní kókó mẹ́rin, òmíràn ní méjì, ọ̀kan kò tilẹ̀ ní rárá. Orí ẹ̀ka gbòǹgbò tó lọ jìnnà ni wọ́n wà, kò sí ìkankan lára olórí gbòǹgbò. Mo la gbogbo wọn: méjì péré ló pọ́n, ìyókù funfun bí inú àgbọn. N kò rí gbòǹgbò kankan tó wú.

Olùkọ́ Ilẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kì í ní sùúrù ṣe. Aràn kọ́, bakitéríà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ rí gan-an.

Gbòǹgbò sóyà ló ń kọ́kọ́ ránṣẹ́. Ó ń tú èròjà kan sínú erùpẹ̀ tó yí i ká, bakitéríà tó bá mọ èròjà náà á sì dáhùn pẹ̀lú èròjà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdílé méjì ṣe máa ń rán alárinà síra wọn kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó lè bẹ̀rẹ̀. Bí èsì náà bá bá sóyà lára mu, irun gbòǹgbò á ká kò, á sì di bakitéríà mọ́ inú ká náà, yóò la ọ̀nà tóóró kan fún un láti wọlé, inú gbòǹgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé fún un. Ilé náà ni kókó tí ẹ rí. Bí bakitéríà tí sóyà kò mọ̀ bá fèsì, sóyà kò ní ṣílẹ̀kùn fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí ilẹ̀ tó kún fún bakitéríà, síbẹ̀ tí gbòǹgbò sóyà ibẹ̀ mọ́ láìní kókó.

Pupa inú kókó yẹn ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí bakitéríà fi ń sọ nítírójìn afẹ́fẹ́ di oúnjẹ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nitrogenase, máa ń bàjẹ́ bí ọ́síjìn bá kàn án. Àmọ́ bakitéríà náà kò lè wà láàyè láìmí, ó nílò ọ́síjìn. Kí ni sóyà wá ṣe? Ó ń ṣe èròjà kan tó ní irin nínú, leghemoglobin ni wọ́n ń pè é, ìbátan ni sí èyí tó mú kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pọ́n, òun ló sì ń gbé ọ́síjìn lọ fún bakitéríà ní ìwọ̀nba, bí ìyá ṣe ń fi ṣíbí fún ọmọ lẹ́kọ kí ó má baà pá a lórí. Omi pupa tó bá èékánná yín nìyẹn.

Ní ti ibi tí kókó wà: bí ó bá dì mọ́ olórí gbòǹgbò nítòsí ojú ilẹ̀, èyí tí ẹ pò mọ́ irúgbìn ló ṣiṣẹ́, nítorí pé ara hóró ló wà nígbà tí gbòǹgbò àkọ́kọ́ yọ. Bí ó bá fọ́n ká orí àwọn ẹ̀ka tó jìnnà, bakitéríà tó ti wà nínú ilẹ̀ ni gbòǹgbò bá pàdé lọ́nà. Ohun tó ń sọ fún mi ni pé lẹ́búlẹ́bú tí ẹ lò ní éékà kejì ti kú kó tó dé inú ilẹ̀. Ṣé ọjọ́ kan náà ni ẹ gbin éékà méjèèjì?

Bàbá Ọgbà

Mo gba ti kókó, mo sì dúpẹ́ pé mo kọ́ ohun tuntun. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí a fi ebi pa oko nítorí kòkòrò tí ojú kò rí. Yúríà àti NPK ni àwa mọ̀. Bí ewé bá pọ́n, ẹ bọ́ ọ. Kí ló burú nínú kí ó da yúríà sí gbogbo rẹ̀, kí bakitéríà sì máa ṣe tirẹ̀ lọ?

Olùkọ́ Ilẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè tó yẹ kí a dáhùn ni. Bakitéríà kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣúgà tí ewé sóyà ń fi oòrùn ṣe ni ó ń jẹ, iṣẹ́ náà sì le, ó ń gba agbára púpọ̀. Nígbà tí sóyà bá rí nítírójìn tó ti ṣe tán nínú ilẹ̀, á dín ṣúgà tó ń fi ránṣẹ́ sí kókó kù, kò sì ní kọ́ kókó tuntun mọ́. Bí Àgbẹ̀ Ṣakí bá da yúríà sí éékà tó dára, á jẹ́ pé ó sanwó láti lé òṣìṣẹ́ tí kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kí sóyà tó lè mú tọ́ọ̀nù kan hóró wá, ó nílò nǹkan bí kìlógíráàmù 80 nítírójìn. Nínú yúríà, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni nítírójìn, nítorí náà àpò tó wọn kìlógíráàmù 50 ní kìlógíráàmù 23 nínú. Àpò mẹ́ta àbọ̀ nìyẹn fún tọ́ọ̀nù kan, kí a má tíì sọ èyí tí òjò máa ṣàn lọ. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí oko náà, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni nítírójìn, àgbàdo kò sì lè fi í ṣe ohunkóhun, iṣu kò lè fi í ṣe ohunkóhun. Sóyà, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti àwọn ìbátan wọn ló ní alájọṣe tó lè sọ ọ́ di oúnjẹ fún wọn.

Ohun tí bakitéríà kò lè wá fún sóyà ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Bí ilẹ̀ bá ṣaláìní in, kókó kì í tóbi. SSP, ìyẹn ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ni ó yẹ kí a fi owó yúríà rà, àpò méjì sí éékà kan, nígbà ìgbìn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Mo fẹ́ fi ìtàn díẹ̀ kún un, nítorí pé Ìbàdàn wa wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni sóyà ti ṣẹ̀ wá. Ní 1908 ni wọ́n gbìn ín wò ní oko ìwádìí Moor Plantation ní Ìbàdàn, kò sì ṣe dáadáa nígbà náà. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rí i pé irúgbìn sóyà tó ń so púpọ̀ ní Amẹ́ríkà kì í ní kókó tó pọ̀ bí wọ́n bá gbìn ín sí ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí pé bakitéríà tirẹ̀ kò bá a wá. Ẹ̀wà wa ní tirẹ̀ nínú ilẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, àmọ́ sóyà Amẹ́ríkà kò gbà á sílé.

Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, wá ronú ọ̀nà mìíràn. Wọ́n mú àwọn sóyà Éṣíà tó ń gba oríṣiríṣi bakitéríà sílé, wọ́n sì mú un bá èyí tó ń so púpọ̀ ṣe àdàlù, títí wọ́n fi rí irúgbìn tó lè bá bakitéríà ẹ̀wà ilẹ̀ wa ṣiṣẹ́. TGx tí ẹ rí lára àpò irúgbìn, ohun tó ń tọ́ka sí nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí éékà yín kejì fi rí kókó méjì mẹ́rin. Ká ní irúgbìn àtijọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ẹyọ kan.

Mo ń fi èyí yangàn, n kò sì fi bò. Ìgbà tí àwọn kan ń ronú láti máa kó bakitéríà láti òkèèrè wá lọ́dọọdún, àwọn tó wà ní Ìbàdàn yí sóyà fúnra rẹ̀ padà kí ó lè gba èyí tó wà nílé.

Àgbẹ̀ Ṣakí

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni mo gbin éékà méjèèjì. Lọ́jọ́ kìíní, mo pò ó ní àárọ̀ lábẹ́ igi, a sì gbìn ín tán kí oòrùn tó mú. Òjò dá wa dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Àpò tó kù, orí ọ̀kadà ni mo so ó mọ́, láàárín oòrùn, mo sì wá fi sínú àká tó ní òrùlé páànù. Nígbà tí mo pò ó, mo tún sá irúgbìn náà sí oòrùn kí ó lè gbẹ, nítorí pé mo rò pé oògùn lásán ni. Ẹni tó tà á kò sọ fún mi pé ohun abẹ̀mí ni.

Mo tún ní ìbéèrè. Orúkọ tó wà lára àpò náà ni Bradyrhizobium japonicum, àmọ́ mo rí òmíràn lọ́jà tó kọ Bradyrhizobium diazoefficiens. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Olùkọ́ Ilẹ̀

Ìdáhùn ti dé nìyẹn. Ohun abẹ̀mí ni; àpò tó dára sábà máa ń ní tó bílíọ̀nù kan nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan, inú ilẹ̀ dúdú àbàtà tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n sì tọ́jú wọn sí kí ara wọn má baà gbẹ. Abẹ́ páànù lọ́sàn-án lè gbóná ju ìwọ̀n 40 Celsius lọ, wọn kò lè fara da á. Oòrùn tí ẹ sá irúgbìn sí sì pa èyí tó ṣẹ́kù. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi tàbí ibi tútù nínú ilé ni ká fi í sí, bí a ṣe ń tọ́jú àjẹsára àwọn ọmọdé. Ìgbà tí a bá fẹ́ gbìn ni kí a pò ó, pẹ̀lú omi ṣúgà díẹ̀ kí ó lè lẹ̀ mọ́ hóró, lábẹ́ ibòòji, kí a gbìn ín lọ́jọ́ náà, kí a sì fi erùpẹ̀ bò ó lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún kíyè sí irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn aláwọ̀ pò tẹ́lẹ̀ nítorí àrùn tí olú ń fà. Púpọ̀ nínú oògùn náà ló ń pa bakitéríà yìí.

Ní ti orúkọ: ní 1886 ni Hellriegel àti Wilfarth, ní Jámánì, fi han ayé pé kókó lára gbòǹgbò ẹ̀wà ló ń mú nítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, Beijerinck ní Netherlands sì ya bakitéríà náà sọ́tọ̀ ní 1888. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Rhizobium ni wọ́n ń pe gbogbo irú rẹ̀. Àmọ́ ti sóyà kì í tètè pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá tọ́ ọ sínú àwo ní yàrá ìwádìí, ìgbà tí àwọn ìyókù ti hàn ní ọjọ́ mẹ́ta, òun lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó hàn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún un ní orúkọ tirẹ̀ ní 1982. Ní èdè Gíríìkì, brady túmọ̀ sí ẹni tí kì í yára. Lára àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni USDA 110, tí àwọn onímọ̀ Japan ka gbogbo àbùdá rẹ̀ tán ní 2002. Ní 2013, wọ́n rí i pé òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ yàtọ̀ sí japonicum tòótọ́, wọ́n sì pè wọ́n ní diazoefficiens, nítorí pé wọ́n mọ nítírójìn mú dáadáa. Sóyà ni méjèèjì wà fún, ẹ lè lo èyíkéyìí, bí ó bá ṣáà ti wà láàyè.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Paraná

Mo kí yín láti Brazil, ibi tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi débi pé mo gbọ́dọ̀ dá sí i. Sóyà tí wọ́n ń gbìn níbí kò ṣeé kà, síbẹ̀ àgbẹ̀ tó ń da nítírójìn sí i ṣọ̀wọ́n. Bakitéríà yìí ni gbogbo wọn gbójú lé. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Johanna Döbereiner, tí wọ́n bí ní 1924 ní ibi tó di ilẹ̀ Czech lónìí, tó sì kú ní 2000, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn ní Seropédica, nítòsí Rio de Janeiro, pé kí wọ́n yan irúgbìn sóyà tó lè gbára lé bakitéríà dípò ajílẹ̀ ilé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló rò nígbà náà pé kò lè ṣeé ṣe. Mariangela Hungria, tó ń ṣiṣẹ́ ní Embrapa, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Brazil, ní ìlú Londrina, tẹ̀ lé ipa náà, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn World Food Prize ní 2025.

Ohun kan tí mo kọ́ níbí tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò: lọ́dọọdún ni wọ́n ń tún bakitéríà pò mọ́ irúgbìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àná ṣì wà nínú ilẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ mọ bí a ti ń gbé ibẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló máa ń gbára jù lẹ́nu iṣẹ́. Bí tuntun bá wà lára hóró gan-an, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Oníwàrà

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹni kan kò bá rí àpò náà rà ńkọ́? Ṣé kò lè bu erùpẹ̀ láti oko sóyà àtijọ́ kó wá pò mọ́ irúgbìn?

Olùkọ́ Ilẹ̀

Ó ṣeé ṣe, ìyá wa, ọ̀nà yẹn sì ni àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta lẹ́búlẹ́bú náà káàkiri. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé erùpẹ̀ kì í gbé ẹyọ kan wá. Aràn tí Bàbá Ọgbà ń sọ, èso èpò àti àrùn á bá a wá. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, kí ó jẹ́ láti oko tí ẹ mọ̀ dáadáa, tí ẹ ti hú gbòǹgbò rẹ̀ wò pé kò wú.

Àgbẹ̀ Ṣakí, ẹ fi éékà kìíní sílẹ̀ pátápátá. Éékà kejì kò tíì tanná, nítorí náà ó ṣeé dóòlà: àpò yúríà kan péré, kí ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ poro lẹ́yìn òjò, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó. Mo mọ̀ pé mo ti ń bá Bàbá Ọgbà jiyàn lórí yúríà láti òní, àmọ́ níbi tí kókó kò ti sí, kò sí òṣìṣẹ́ tí a óò lé lọ. Nígbà ìkórè, ẹ fi àdá gé e nídìí, ẹ má hú u, kí gbòǹgbò àti ewé lè kù sílẹ̀ fún àgbàdo ọdún tó ń bọ̀. Hóró tí ẹ bá kó lọ ń kó nítírójìn púpọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀, ohun tó bá kù sílẹ̀ nìkan ni àgbàdo yóò rí jẹ.

Bàbá Ọgbà

Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní ẹ̀wà díẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo ti lọ gbẹ́ ọ̀kan wò lówùúrọ̀ yìí. Ogójì ọdún ni mo ti ń gbin ẹ̀wà, n kò là á wò rí. Ó pọ́n.

Àgbẹ̀ Ṣakí

Mo padà wá jábọ̀, oko pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Éékà kìíní ti tanná, ó ti ń so, n kò sì fi ohunkóhun sí i. Mo da àpò yúríà kan sí èkejì. Ewé tuntun tó yọ dúdú, àwọn ti ìsàlẹ̀ tó ti pọ́n ti já bọ́, kò sì ga tó ti àkọ́kọ́. Mo hú igi kan níbẹ̀ lánàá, kókó mẹ́fà ni mo kà, márùn-ún nínú wọn pọ́n.

Mo ti fi okùn pupa sàmì sí ààlà éékà méjèèjì, kí n lè wọn ìkórè wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí oko wa jọ pààlà wá wò ó, ó sì bi mí níbi tí wọ́n ti ń ta lẹ́búlẹ́bú náà. Kí n tó dá a lóhùn ibi tó ti lè rí i rà, mo kọ́kọ́ bi í bóyá ó ní ìkòkò omi nílé.